Ọmọ Tí Bàbá Àmín Kò Súre Fún

Bàbá Àmín ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì ló ń tà, kì í ṣe pásítọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó lè ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ọkùnrin yìí kó má gba àdúrà lé e bí ènì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ ṣe ìdánwò á gbọ́, "Ohun tí o kà ni wọn yóò bi ọ́." Aboyún á gbọ́, "Oorun ni ọmọ yìí yóò máa sùn lóru, ìwọ náà á sì rí oorun sùn." Kódà ọlọ́pàá tó wá bi í ní ọjọ́ kan pé ta ló ní kó gbé pátákó rẹ̀ sójú títì gba tirẹ̀. Bàbá Àmín wo ìbọn tó gbé kọ́ èjìká, ó ní, "Títí wàá fi fẹ̀yìn tì, o ò ní rí ẹni tí wàá yin ìbọn yìí fún." Ọlọ́pàá náà ṣe àmín, ó ra búrẹ́dì méjì, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ pátákó.

Kì í ṣe ọgbọ́n ìtajà. Ọkùnrin náà gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ń gbọ́, àti pé ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí òun kì í ṣe owó tàbí ẹwà, ẹnu ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìsìn bá parí, àwọn èèyàn á kọjá lára pásítọ̀, wọ́n á lọ tò sí ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Pásítọ̀ kò bínú. Òun náà máa ń tò.

Ilé búrẹ́dì rẹ̀ kò tóbi. Káńtà wà níwájú, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó. Lẹ́yìn káńtà ni tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun wà, tí ojú rẹ̀ ti dán bí àwo nítorí ọwọ́ tó ti ń rìn lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn tábìlì ni ààrò, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni àwọn agolo búrẹ́dì tí wọ́n tò gun ara wọn, àti àpò ìyẹ̀fun. Ilé tí wọ́n ń gbé wà lókè rẹ̀. Òórùn búrẹ́dì ló ń jí wọn, òun náà ló ń bá wọn wọ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ó sì pẹ́ kó tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń ra bàtà iléèwé fún ọmọ kẹta kí tiwọn tó sunkún àkọ́kọ́. Obìnrin ni. Kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ tán tó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé, ni bàbá rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Ìyá Kékeré. Á gun àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá, á ní, "Bàbá, ẹ tún un pò. Ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́." Bàbá rẹ̀ á tún un pò, nítorí òótọ́ ló sọ. Bó ṣe ń dàgbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí Bàbá Àmín bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ tí òun wọ̀ bá òun mu, kì í bi ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kékeré ló máa ń bi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló máa ń wa ọkọ̀ ìyẹ̀fun wá. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní àṣà kan: á ti rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé àpò wọlé, kò sì fi ìgbà kankan jù ú sílẹ̀ gbàgà bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bàbá Àmín fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń súre fún un: "Ojú ọ̀nà kò ní kọ̀ ọ́. Ibi tí o bá ń lọ, ibẹ̀ ni wàá dé."

Ibi tí Dírẹ́bà ń lọ, àṣé ọ̀dọ̀ Ìyá Kékeré ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí búrẹ́dì àárọ̀ ti tán lórí káńtà, àwọn méjèèjì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tí ìyẹ̀fun ti fọ́n sí.

"Bàbá, a fẹ́ fẹ́ra wa," ni Ìyá Kékeré wí. "Ẹ súre fún wa."

Bàbá Àmín ń po ìyẹ̀fun. Kò yíjú. "Ta ni bàbá rẹ̀?"

Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti rí mi, sà. Wọ́n ní aṣọ tí wọ́n fi wé mi mọ́ tónítóní." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé aṣọ tó mọ́ yẹn ni gbogbo ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ni Bàbá Àmín wí. "Mi ò lè fà á lé ẹni tí kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ dìde nílẹ̀."

Wọn kò dìde. Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà tó já sí káńtà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá," ni Ìyá Kékeré wí, "obìnrin tó ra búrẹ́dì ẹyọ kan láàárọ̀ yìí, ẹ súre fún un, ẹ súre fún ọmọ rẹ̀, ẹ tún súre fún ọmọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì bí. Ṣé tèmi ni kò wá sí nínú rẹ̀?"

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló gún un lára. Ó rò ó pé ọmọ náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò.

"Ẹnu mi ni," ló wí. "Èmi ni mo mọ ẹni tí mo ń là á fún."

Ìyá Kékeré dúró lórí eékún díẹ̀ sí i, bóyá yóò tún sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbé ìyẹ̀fun pípò lórí tábìlì, ó yí i padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà wá dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórí eékún síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Dírẹ́bà tẹ̀ lé e jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló ń gbé ìyẹ̀fun wá, ńṣe ló sì ń jù ú sílẹ̀ gbàgà.

Wọ́n fẹ́ra wọn láìsí Bàbá Àmín níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ náà ló ń lọ wò wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kì í sọ ibi tó ń lọ, ọkọ rẹ̀ kì í sì í béèrè. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, búrẹ́dì kan tó pupa dáadáa, tó wú dáadáa, máa ń wà ní igun tábìlì, kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó ni ín. Ìyàwó rẹ̀ á fi aṣọ wé e, á gbé e lọ. Ìwọ̀nba ohun tí ìgbéraga Bàbá Àmín gbà á láyè láti ṣe nìyẹn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá yá, òun á lọ. Tí wọ́n bá bímọ, òun á lọ. Tí Ọdún Tuntun bá dé, òun á lọ. Àwọn méjèèjì ṣì kéré, òun náà kò tíì darúgbó, kí ló ń lé wọn?

Ibà ló kọ́kọ́ mú Ìyá Kékeré. Wọ́n rò pé yóò lọ bí ibà ṣe ń lọ, àfi ìgbà tó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, tí kò lè mí dáadáa mọ́. Dírẹ́bà gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá rẹ̀ ti káńtà pa, ó sáré lọ bá wọn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dírẹ́bà padà wá sí ilé búrẹ́dì. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé.

"Bàbá, ó ń béèrè yín."

Bàbá Àmín ń fọ agolo. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ojú tì í ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Báwo ni òun ṣe máa wọlé? Kí ni òun máa kọ́kọ́ sọ? Ṣé gbogbo nọ́ọ̀sì ni yóò máa wo òun pé bàbá tí kò wá nìyí? "Sọ fún un pé mò ń bọ̀," ló wí. "Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Dírẹ́bà wo àwọn agolo náà. Ó ti mọ ilé búrẹ́dì yẹn dáadáa, ó mọ agolo tó dọ̀tí yàtọ̀ sí èyí tó mọ́. Gbogbo wọn ló mọ́. Ó padà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bàbá Àmín wẹ̀, ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú Bíbélì dání, ó lọ. Lójú ọ̀nà ló ń to àdúrà tí òun máa gbà lé ọmọ náà lórí, àdúrà tó gùn, tó máa gba ti ìsinsìnyí àti ti ìgbéyàwó pọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé bàtà ọmọ wọn lé itan. Ìyàwó rẹ̀ wo kóòtù náà, ó wo Bíbélì náà.

"Ó ti lọ," ló wí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Àmín padà sí ìdí ààrò, ó ń ṣe búrẹ́dì bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń rà. Ṣùgbọ́n kò sí ènì mọ́. Á na búrẹ́dì sí wọn, á ní "ẹ ṣeun," ó parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníbàárà máa ń dúró díẹ̀, wọ́n á máa retí, títí wọ́n á fi rí i pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀. Ó yá, wọn kò dúró mọ́. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Pásítọ̀ wá bá a nílé ní ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, a ń retí ohùn yín." Ó dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ ó sinmi, Pásítọ̀." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ le ju àìgbàgbọ́ lọ. Ó gbà pé Ọlọ́run gbé nǹkan lé òun lọ́wọ́ kí òun máa pín in, òun wá pín in káàkiri fún ọlọ́pàá àti ẹni tí òun kò mọ̀ rí, òun fi du ọmọ tí òun bí. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n tún gbọ́ ọ.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin náà kò béèrè, obìnrin náà kò sì sọ.

Ọdún mélòó kan kọjá báyìí. Ní ọ̀sán kan, Bàbá Àmín gbé ojú sókè láti ìdí tábìlì, ó rí Dírẹ́bà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ti sanra díẹ̀. Irun funfun kan tàbí méjì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mi ò wá bá yín jà o."

"Bó bá jẹ́ ìjà lo bá wá, o jàre," ni Bàbá Àmín wí. "Wọlé."

Dírẹ́bà wọlé, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó ń yí fìlà ọwọ́ rẹ̀ po. "Mo fẹ́ gbé ìyàwó. Aránṣọ ni, ó ń rán aṣọ iléèwé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kò sí ohun tí mo fi pa mọ́ fún un nípa Ìyá Kékeré. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ máa súre fún wa. Wọ́n wá ní kí ẹnìkan dìde ní ìhà tèmi."

Ó ti yé Bàbá Àmín kó tó sọ ọ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìyẹ̀fun.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin, sà."

"Ṣé o kò ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni? Ṣé kò sí pásítọ̀?"

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ṣáájú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ rí tí mo pè ní bàbá. Ẹ ò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n mo ti pè yín, mi ò sì tíì pe ẹlòmíràn."

Bàbá Àmín ní kó fún òun láyè kí òun rò ó. Dírẹ́bà sọ ọjọ́ ìgbéyàwó náà fún un, ó dágbére.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí káńtà. Ó wọlé, ó di ẹnu ọ̀nà mú.

"Ṣé o máa lọ ni?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Má lọ," ló wí. "Mi ò bá ọmọ yẹn ṣọ̀tá. Ó tọ́jú ọmọ mi, òun ló dúró tì í títí dé ìkẹyìn. Kó fẹ́ ìyàwó, Ọlọ́run á bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì yìí, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà yẹn gan-an, kò rí ìre gbà. Ọmọ ọlọ́mọ kan wá máa wọṣọ funfun, kó wá gbà á tán pátá? Wàá fún un ní tọmọ mi? Mi ò lè gbọ́ ọ. Bí mo bá gbọ́ ọ, màá kú."

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ápúrọ́ọ̀nù, ó fa àga kan, ó jókòó. Ohun tí kò béèrè láti ọjọ́ yẹn ló wá béèrè.

"Kí ló sọ? Lóru ọjọ́ yẹn."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Bóyá ó ti ń dúró de ìbéèrè náà, bóyá ó sì ti ń gbàdúrà kó má ṣe béèrè rẹ̀ láé.

"Kò sọ nǹkan púpọ̀. Kò rí èémí sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì, dókítà, àwọn tó ń gbá ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún, á la ojú. Á ní, 'Ṣé Bàbá ni?' Èmi á ní, 'Rárá, ó ń bọ̀.' Á di ojú. Ẹsẹ̀ mìíràn á tún dún. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń la ojú."

Bàbá Àmín dorí kodò. Ẹkún tó sun kò ní ariwo, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ kò wá bá a. Ó padà sí ìdí káńtà, ó tà fún ẹni tó ń fọwọ́ lu káńtà, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí búrẹ́dì àárọ̀ jáde, Bàbá Àmín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìsìn. Obìnrin kan ń fi omi nu ilẹ̀ lápá iwájú, ó kí i, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ọjọ́ tó ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kẹ́yìn bí ọmọ ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀ ti pẹ́.

"Olúwa," ló wí ní ìdákẹ́jẹ́, "mi ò wá bẹ̀ Ọ́ pé kí O dárí jì mí. Mo mọ̀ pé O ti dárí jì mí. Èmi ni mi ò lè gbà á. Wọ́n tún wá béèrè ẹnu mi. Ẹnu tí mo fi pa ọmọ mi lẹ́kún yìí náà ni. Sọ pé kí n má là á, màá gbọ́ràn. Màá tilẹ̀ dúpẹ́."

Ó dúró. Kò sí ohùn tó dáhùn. Gárawá obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló ń dún, omi ń mì nínú rẹ̀. Ó jókòó pẹ́. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kò wá bí ìran, kò wá bí iná. Ó kàn rí i pé gbogbo ìgbà tí òun ti pa ẹnu dé yìí, tí òun rò pé ńṣe ni òun ń san gbèsè Ìyá Kékeré, kò sí kọ́bọ̀ kan tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà níbi tó wà. Àwọn aboyún ló ń lọ lọ́wọ́ òfo, àti akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí òun bá kọ̀ fún Dírẹ́bà, Ìyá Kékeré kò ní jí. Ẹni méjì mìíràn ni yóò kàn tún dìde lórí eékún, tí wọn yóò gbọn aṣọ wọn, tí wọn yóò máa lọ. Òun kò sì lè tún rí i lẹ́ẹ̀kejì.

Èrò náà kò fún un láyọ̀. Ó dìde pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó bá a wọlé.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ìyàwó Bàbá Àmín kò múra. Ó bá ọkọ rẹ̀ di bọ́tìnnì ọrùn. Ó ní, "Máa lọ kí o má baà pẹ́," ó sì gun òkè ilé lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni. Ìdílé aránṣọ kún ìhà kan fọ́fọ́. Ní ìhà kejì, àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ Dírẹ́bà ló jókòó, tí wọ́n fún ọrùn mọ́ inú aṣọ tí kò mọ́ wọn lára, tí wọ́n ń wo aago bí ẹni pé wọ́n máa kó ẹrù. Bàbá Àmín jókòó níwájú wọn ní òun nìkan. Bàbá ìyàwó dìde, ó súre, ìyá ìyàwó súre, àwọn èèyàn ṣe àmín. Pásítọ̀ wá ní, "Bàbá ọkọ ìyàwó."

Kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. Awakọ̀ kan ló fọwọ́ kàn án léjìká.

Ó dìde, ó rìn lọ bá wọn. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Ó la ẹnu, kò rí ohùn. Ó tún un là. Àwọn kan ti ń wo ara wọn. Nígbà náà ni aránṣọ náà, láìgbé ojú sókè, na ọwọ́, ó mú ọwọ́ àgbàlagbà náà, ó gbé e lé orí ara rẹ̀. Orí náà gbóná, bí orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé. Kò gbé ọwọ́ lé orí Ìyá Kékeré báyìí rí láti ọjọ́ tó ti kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ tábìlì.

Ó gbé ọwọ́ kejì lé orí Dírẹ́bà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ló wí. Ohùn náà ti ha. "Kí ẹ̀rín má ṣe dákẹ́ nínú ilé yín. Bí ẹ bá bínú síra yín, kó má di ọjọ́ kejì. Bí ẹnìkan nínú yín bá pe èkejì, kí èkejì dáhùn kíá. Bí ara bá ń ni ọ̀kan, tó bá la ojú, kó rí èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe rí ọjọ́ tí ẹ ó máa wí pé ẹ̀ bá ti mọ̀. Ọmọ tí ẹ bá bí, kó mọ ọwọ́ yín lórí rẹ̀. Dírẹ́bà, ọmọ mi, ẹnikẹ́ni tó bá tún bi ọ́ pé ta ni bàbá rẹ, sọ fún un pé oníbúrẹ́dì ni. Ọlọ́run tó dá mi sí, tí kò gba ẹnu yìí lọ́wọ́ mi nígbà tó tọ́ kó gbà á, kó fi ohun tí mo wí yìí ṣe yín lóore."

Àmín tó dún lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ dà bí fèrè ọkọ̀ ńlá. Bàbá Àmín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà síbi ìjókòó, kò sì dúró jẹun.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ jókòó nídìí tábìlì gígùn náà. Kò po nǹkan kan. Ọkùnrin náà bọ́ kóòtù, ó fi kọ́.

"Ṣé o súre fún wọn?"

"Mo súre fún wọn."

Obìnrin náà ń fi ìka fa ìlà sórí ìyẹ̀fun tó wà lójú tábìlì. "Kí lo sọ?"

"O ní o kò lè gbọ́ ọ."

"Sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ nǹkan kan kúrò. Nígbà tó dé ibi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, obìnrin náà di ojú. Nígbà tó parí, ìyàwó rẹ̀ gbé orí lé ojú tábìlì.

"Ó dára," ló wí sínú apá rẹ̀. "Ó dára gan-an. Ó yẹ kó gbọ́ ọ." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ fọ́: "Ó yẹ kí ọmọ mi gbọ́ ọ."

"Ó yẹ kó gbọ́ ọ," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó jókòó tì í. Wọ́n sunkún pọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní ibojì.

Mi ò ní parọ́ pé ìbànújẹ́ tán nílé wọn. Ó pẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó gbà kí aránṣọ náà kọjá káńtà wọlé, nígbà tó sì gbà, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó lọ dúró fúngbà díẹ̀ kó tó padà wá kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan ra búrẹ́dì, ó sì ṣàdédé sọ pé wọ́n fẹ́ la ọmọ òun níkùn ní ọ̀sán. Bàbá Àmín nu ọwọ́ rẹ̀, ó jáde wá láti ìdí ààrò, ó súre fún ọmọ náà, ó súre fún ọwọ́ dókítà. Láti ìgbà náà ló ti tún bẹ̀rẹ̀. Àdúrà rẹ̀ kì í gùn tó ti tẹ́lẹ̀, kì í sì í pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń gbà á ní ó ń wọ àwọn lára ju ti àtijọ́ lọ.

Ọmọbìnrin ló ń nira fún un jù. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá dúró ní káńtà, tó ní òun fẹ́ lọ sílé ọkọ, tàbí òun ń rìnrìn àjò, Bàbá Àmín á súre fún un dé ibi tó dé, kò ní já a kù. Lẹ́yìn náà á wọ ẹ̀yìn lọ, á jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, á máa mí. Bí oníbàárà mìíràn bá dé, tó ní, "Ṣé Bàbá ò sí nílé ni? Àdúrà ni mo bá wá," ìyàwó rẹ̀ á na àga sí i.

"Ó wà. Ẹ jókòó, ẹ fún un láyè díẹ̀," ni yóò wí. "Ó ń bọ̀."